Kalikulétọ̀ Wo Ló Yẹ Kí A Rà fún Ọmọ Tó Ń Lọ Kọ́ Ìṣirò àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ?

Ní gbogbo ìgbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá ti gbé orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun jáde, ìbéèrè kan kì í wọ́n láàárín àwọn òbí nílùú Èrúwà: kalikulétọ̀ wo ni kí a rà fún ọmọ wa? Àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ́ ìṣirò, fisíìsì, iṣẹ́ iná mànàmáná, iṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Àwọn kan gbọ́ lẹ́nu ìbátan tó wà ní Amẹ́ríkà pé èyí tó ń ya gíráàfù fúnra rẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ di enjiníà gbọ́dọ̀ ní. Àwọn mìíràn gbọ́ pé èyíkéyìí tí a bá ti rí lọ́jà náà ti tó. Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ lè kó òbí sí gbèsè, èkejì sì lè kó ọmọ sí wàhálà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà ní kíkún.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa rárá. Ilé-ẹ̀kọ́ Adeseun Ogundoyin Polytechnic wà nílùú Èrúwà níbí, èyí tó jẹ́ ẹ̀ka Polytechnic Ìbàdàn tẹ́lẹ̀ kí ó tó dá dúró. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ wà ní Igbó-Ọrà. Àwọn ọmọ Ìbàràpá mìíràn ń lọ sí FUNAAB ní Abẹ́òkúta, LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Yunifásítì Ìbàdàn. Owó gààrí, owó ẹ̀gúsí àti owó àjọ ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń rán wọn lọ. Owó tí a bá fi ra ohun tí ọmọ kò ní lè lò ti dínkù lára owó ìwé àti owó oúnjẹ rẹ̀.

Oríṣi mẹ́rin ló wà lọ́jà

Èkínní ni ti àwọn oníṣòwò, èyí tí a fi ń ṣírò owó ọjà. Ó dára fún iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Bí a bá tẹ 2 + 3 × 4 sínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sọ pé 20, nítorí pé bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń ṣe é. Ìdáhùn tó tọ́ ni 14, nítorí pé ìsọdipúpọ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú ìròpọ̀.

Èkejì ni kalikulétọ̀ sáyẹ́ǹsì kékeré, irú Casio fx-82MS, tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ṣe ìdánwò WAEC. Ó mọ sin, cos, tan, log àti ìṣirò ìdá. Ó tó fún ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe ti ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Ẹ̀kẹta ni kalikulétọ̀ sáyẹ́ǹsì ńlá, irú Casio fx-991MS, fx-991ES PLUS, fx-991EX, tàbí TI-36X Pro tí ilé-iṣẹ́ Texas Instruments ṣe. Ìwọ̀nyí ń ṣe matrix, wọ́n ń yanjú ìdọ́gba tó ní ohun àìmọ̀ mẹ́ta, wọ́n sì ń ṣe ìṣirò complex number tí akẹ́kọ̀ọ́ iná mànàmáná kò lè ṣe láìsí. Bí ọmọ bá tẹ 3 + 4i, ẹ̀rọ náà lè yí i padà sí 5 ní igun 53.13 dìgírì. Fx-82MS kò lè ṣe èyí.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tó ń ya gíráàfù. Casio ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde, fx-7000G, ní ọdún 1985. Texas Instruments tẹ̀ lé e pẹ̀lú TI-81 ní ọdún 1990, lẹ́yìn náà ni TI-84 Plus dé ní ọdún 2004, èyí tí orúkọ rẹ̀ gbilẹ̀ jù ní àwọn ilé-ìwé Amẹ́ríkà. Ojú rẹ̀ fẹ̀, ó ń ya àwòrán ìdọ́gba, ènìyàn sì lè kọ ètò àti ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú rẹ̀.

Kí ló dé tí a kò fi sọ pé kí ẹ ra ẹ̀kẹrin?

Ìdí àkọ́kọ́ ni òfin ìdánwò. Kalikulétọ̀ tí kì í pariwo, tí kò ní wáyà, tí ènìyàn kò sì lè kọ ètò sínú rẹ̀ ni WAEC fi àyè gbà. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa ló ń lo irú òfin kan náà. Nínú ìdánwò JAMB, inú kọ̀ǹpútà ni kalikulétọ̀ wà, ọmọ kò gbọ́dọ̀ mú tirẹ̀ wọlé. Ohun tí òfin yìí ń dènà yé wa: ẹ̀rọ tó lè gba ètò lè gba àkọsílẹ̀ pẹ̀lú, kò sì sí bí alábòójútó ìdánwò yóò ṣe máa yẹ inú ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ wò kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá gbé TI-84 wọlé lè rí i kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó sì jókòó ti ìṣirò wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú bírò nìkan. Wọ́n tún lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀sùn magomágo, bẹ́ẹ̀ kò ní in lọ́kàn láti ṣe magomágo.

Ìdí kejì ni owó. TI-84 Plus CE, èyí tó ní àwọ̀ lójú, ń lọ ní ohun tó ju 100 dọ́là lọ ní Amẹ́ríkà. Kí ó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì pé 500 náírà ní iye tí ìjọba ń ṣẹ́ ẹ. Ní ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500 náírà. 100 dọ́là tí kò tó 50,000 náírà tẹ́lẹ̀ wá di ohun tó ju 150,000 náírà lọ, a kò tíì ka owó tí wọ́n fi gbé e wọ̀lú àti èrè oníṣòwò. Iye owó tí a ó fi ra ẹyọ kan lè ra mélòó kan nínú oríṣi kẹta.

Ìdí kẹta ni iná. TI-84 Plus CE ní bátìrì tí a gbọ́dọ̀ máa gba iná sí bíi ti fóònù. Gbogbo wa la mọ bí iná ṣe ń ṣe ní Ìbàràpá. Fx-991ES PLUS àti fx-991EX ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn pẹ̀lú bátìrì kékeré alápẹẹrẹ owó ẹyọ, wọ́n sì lè pẹ́ gan-an kí a tó pààrọ̀ bátìrì náà.

Ìdí kẹrin ló yẹ kí àwọn tó ń tọ́ka sí Amẹ́ríkà gbọ́. Ìdánwò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FE, òun ni ẹni tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ enjiníà kọ́kọ́ ń ṣe. Àjọ NCEES tó ń ṣètò rẹ̀ kò gba kalikulétọ̀ tó ń ya gíráàfù láàyè rárá. Lára ìwọ̀nba tí wọ́n fọwọ́ sí ni Casio tí orúkọ rẹ̀ bá ní fx-991 àti Texas Instruments tí orúkọ rẹ̀ bá ní TI-36X. Ìyẹn ni pé oríṣi kẹta tí àwọn kan ń fojú tẹ́ńbẹ́lú nílé ni wọ́n fi ń dán enjiníà wò lókè òkun.

Èwo ni kí a rà?

Fún ọmọ tó ń lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìṣirò tàbí fisíìsì, ìmọ̀ràn wa ni fx-991ES PLUS tàbí fx-991EX. Àwọn méjèèjì ń kọ ìṣirò sójú bí ó ṣe wà nínú ìwé, ìdá yóò hàn ní òkè àti ìsàlẹ̀. Fx-991EX lágbára jù: ó ń ṣe matrix olórí mẹ́rin, ó sì ń yanjú ìdọ́gba tó ní ohun àìmọ̀ mẹ́rin, nígbà tí ES PLUS dúró lórí mẹ́ta. Bí owó kò bá tó, fx-991MS ṣì ń ṣe iṣẹ́ gidi, àléébù rẹ̀ ni pé kì í kọ ìṣirò sójú bíi ti ìwé. Kí ẹ tó san owó, ẹ jẹ́ kí ọmọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ èyí tí wọ́n gbà nínú ìdánwò. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló ga ju ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni lọ.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, nítorí náà ẹ dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ tẹ 2 + 3 × 4, kó fún yín ní 14. Ẹ tẹ log 1000, kó fún yín ní 3. Bí wọ́n bá kọ ES PLUS sí i lára, ẹ tẹ √2 + √8. Ojúlówó yóò kọ 3√2 sójú. Bí ó bá jẹ́ 4.2426 nìkan ló gbé jáde, ẹ wò ó bóyá ó wà ní ipò MathIO. Bí kò bá ní ipò bẹ́ẹ̀ rárá, irọ́ ni orúkọ tó wà lára rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lẹ́tà kan sí èkejì, kí ẹ sì fi èékánná ha àkọlé orí bọ́tìnnì díẹ̀.

Ohun tó ń pa máàkì ọmọ jù

Bí ọmọ bá ti ní ẹ̀rọ náà lọ́wọ́, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó mọ̀ ni ìyàtọ̀ láàárín dìgírì àti radian. Ọ̀nà méjì ni wọ́n jẹ́ láti wọn igun. Bí ẹ̀rọ bá wà ní ipò dìgírì, sin 30 jẹ́ 0.5. Bí ó bá wà ní ipò radian, sin 30 kan náà di −0.988. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé agbára 200 newton ń fa nǹkan ní igun 30 dìgírì. Apá tó ń lọ sókè jẹ́ 100 newton. Ọmọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní radian yóò kọ −197.6 sílẹ̀, yóò sì fa ilà sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú. Ìyá ẹ̀rọ náà kò lẹ́bi, ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe. Kí ọmọ máa wo lẹ́tà D tàbí R tó wà lókè ojú ẹ̀rọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ní ẹ̀kọ́ kálíkúlọ́ọ̀sì, radian ni wọ́n sábà máa ń lò; ní ìwọ̀n ilẹ̀ àti agbára, dìgírì ló wọ́pọ̀.

Èkejì ni pé nọ́ńbà ni ẹ̀rọ yìí ń fúnni, kì í fúnni ní ọ̀nà tí a gbà dé ibẹ̀. Ó lè sọ pé ∫x² láti 0 dé 3 jẹ́ 9, kò lè kọ x³/3 sílẹ̀ fún yín. Ó lè sọ pé ìdáhùn x² − 5x + 6 = 0 jẹ́ 3 àti 2, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó ń máàkì ń wá ìgbésẹ̀. Al-Khwarizmi, tó gbé ní Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, tí ìwé rẹ̀ fún ayé ní ọ̀rọ̀ al-jabr tí a ń pè ní áljẹ́bírà lónìí, kò ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́. Ó to ìgbésẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìpín ogún ṣe apá kan nínú ìwé náà. Ìgbésẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ń fún ní máàkì títí di òní. Kí ọmọ fọwọ́ ṣe é tán, kó wá fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ̀nà.

Gíráàfù wá ńkọ́?

Yíya gíráàfù kò ní kí a ra ẹ̀rọ olówó gọbọi. Fx-991ES PLUS ní ipò TABLE. Bí a bá tẹ x² − 3x − 4 sí i, tí a sì ní kó bẹ̀rẹ̀ láti −2 dé 5, yóò to ìdáhùn sílẹ̀: 6, 0, −4, −6, −6, −4, 0, 6. Kí ọmọ fi àwọn nọ́ńbà yìí sórí ìwé gíráàfù, kó so wọ́n pọ̀, yóò sì rí i pé ìlà náà gba odo kọjá ní −1 àti 4. Ohun tí wọ́n ń béèrè nínú gbọ̀ngàn ìdánwò nìyẹn.

Tó bá kan kíkẹ́kọ̀ọ́ nílé, GeoGebra àti Desmos wà fún fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Markus Hohenwarter bẹ̀rẹ̀ GeoGebra ní ọdún 2001 nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Salzburg, ní orílẹ̀-èdè Austria. Desmos dé ní ọdún 2011. Bí wọ́n bá ti wà lórí fóònù, wọ́n ń ya gíráàfù láìjẹ dátà, àwòrán wọn sì mọ́ ju ti TI-84 lọ. Ẹ kàn máa rántí pé fóònù kò gbọ́dọ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ẹnì kan wà tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: ọmọ tó ti gba ìwé ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà tí olùkọ́ rẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kó mú TI-84 wá. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró títí yóò fi débẹ̀, kó rà á níbẹ̀, tàbí kó ra àlòkù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti parí. Ẹni tó ń múra fún ìdánwò SAT kò sì ní láti ra ọ̀kan, nítorí pé Desmos ti wà nínú ìdánwò náà fúnra rẹ̀ láti ìgbà tó ti di ti kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín pé ti ọmọ yín kò tóbi tó ti ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ ra ojúlówó fx-991 kan, kí ọmọ fi òpin ọ̀sẹ̀ méjì ka ìwé ìlò rẹ̀ bọ́tìnnì kan tẹ̀ lé èkejì, kó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó má bàa sọnù. Kí ó lo ọ̀kan yẹn títí yóò fi gba ìwé ẹ̀rí. Ọlọ́run yóò fún àwọn ọmọ wa ní òye, yóò sì fi ìbùkún sí owó tí a ń ná lé wọn lórí.