Ohun Tí Àwòrán Lè Sọ àti Èyí Tí Kò Lè Sọ Nípa Ìsoríkọ́

Onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá á gbé tákàdá òfìfo àti pẹ́ńsùlù síwájú yín, á ní kí ẹ ya ilé, kí ẹ ya igi, kí ẹ sì ya ènìyàn. Bí ẹ bá yà á tán, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀: ta ló ń gbé inú ilé yìí? Ṣé igi yìí ṣì wà láàyè? Ìdánwò tí John Buck gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1948 nìyẹn. Nígbà tó di 1949, Karen Machover kọ ìwé lórí yíya àwòrán ènìyàn nìkan.

Èrò wọn ni pé ohun tí ẹnu ń fi pa mọ́, ọwọ́ á yà á síta. Wọ́n ní ẹni tí ìsoríkọ́ dé bá a máa ya àwòrán tíńtín, ìlà rẹ̀ á fẹ́lẹ́, igi rẹ̀ kì í sì í léwé.

Ó dùn létí. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, Loren àti Jean Chapman, dán èrò yìí wò ní 1967. Wọ́n kó àwòrán ènìyàn jọ, wọ́n kọ ìṣòro tí wọ́n ní ó ń ṣe ẹni tó yà á sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì pín ìṣòro náà kiri débi pé kò sí èyí tó bá àwòrán kankan tan. Síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wò wọ́n ní àwọn rí i kedere pé ẹni tó máa ń fura ló ń ya ojú lọ́nà àrà ọ̀tọ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ tó ń lo ìdánwò yìí ń sọ gan-an nìyẹn! Ohun tí ènìyàn ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ ló ń rí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára: ọmọ tí kò mọ àwòrán yà lásán lè gba orúkọ àìsàn tí kò ṣe é.

Bíbéèrè lọ́wọ́ ẹni náà fúnra rẹ̀ ló yọrí jù. Ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń wá ìsoríkọ́, tí wọ́n ń pè ní PHQ-9, ní ìbéèrè mẹ́sàn-án nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: oorun, oúnjẹ, àárẹ̀, èrò ikú. Máàkì rẹ̀ lọ láti 0 dé 27; bó bá tó 10, ó yẹ kí dókítà yẹ ẹni náà wò dáadáa. Olùwádìí Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò láàárín akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2006.

Àwòrán ṣì wúlò fún ọmọ tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀, torí ó lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá tìtorí àwòrán nìkan sọ pé ìsoríkọ́ ń ṣe ọmọ yín, ẹ béèrè ohun mìíràn tó yẹ̀ wò. Bí ọmọ náà bá sì ń dárúkọ ikú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí.