Àwọn Ọmọ Kumasi Tí Ó Mú Orúkọ Ilé Dé London

Ní Bantama, ní ìlú Kumasi, ni ilé mímọ́ tí a tọ́jú òkú àwọn ọba Asante sí wà rí. Ní ọdún 1896 àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì wó o, wọ́n sì dáná sun ún. Ọdún 75 lẹ́yìn èyí, ní 1971, ọmọ Kumasi kan mú kí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì dìde jó sí ìlù adúláwọ̀ ní ìlú London.

Teddy Osei ni a ń wí, tí a bí ní 1937. Ó lọ sí London ní 1962. Ní 1969 ni òun àti àbúrò rẹ̀ Mac Tontoh, afọnkàkàkí, pẹ̀lú Sol Amarfio onílù, dá ẹgbẹ́ Osibisa sílẹ̀. Láti inú osibisaba, orin ijó àwọn Fante tí ó ṣáájú highlife, ni orúkọ náà ti wá. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kíyè sí èyí: nígbà tí Osei wà ní ilé, Comets ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́, bí ó ti jẹ́ àṣà àwọn ọ̀dọ́ wa láti máa sọ ẹgbẹ́ ní orúkọ òyìnbó kí a lè kà wọ́n sí ọ̀làjú. Ìgbà tí ó dé àárín àwọn òyìnbó gan-an ni ó mú orúkọ ilé.

Ọmọ Nàìjíríà kan, Lasisi Amao, wà láàárín wọn pẹ̀lú sasofóònù àti ìlù, inú wa sì dùn sí i. Wendell Richardson ti Antigua, Robert Bailey ti Trinidad àti Spartacus R ti Grenada ni mẹ́ta yòókù, ìran àwọn tí a kó lẹ́rú kọjá òkun.

Osibisa náà ni wọ́n pe àwo àkọ́kọ́ wọn. Orin tí ó ṣí i bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbe kòkòrò inú igbó. Ohùn ènìyàn sì sọ̀rọ̀ kí ijó tó gbóná. Orin kan wà fún agogo. Òmíràn ń jẹ́ "Akwaaba", èyí tí í ṣe "ẹ káàbọ̀" ní èdè Akan. Etí Yorùbá kò ní ṣe àjèjì sí i. Rọ́ọ̀kì ni ayé ń gbọ́ nígbà náà, nítorí náà gìtá oníná kò gbẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìlù ni ó jọba. Ní ojú tiwa, ibi tí gìtá ti pẹ́ jù lẹ́nu ni àwo náà ti rọ̀ díẹ̀.

Roger Dean, ayàwòrán tí ó tún ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ Yes, ya erin oníyẹ̀ẹ́ tí ń fò sí ara páálí rẹ̀. Erin náà fò lóòótọ́: àwo yìí gòkè dé ipò 11 láàárín àwọn àwo tí ó tà jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Osei kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ní ẹni ọdún 87. Ẹ̀yin olùkọ́ orin, ẹ gbé àwo rẹ̀ sí etí àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè orúkọ tí wọn yóò sọ ẹgbẹ́ tiwọn.