Ẹ̀rọ ìtọ́sọ́nà rọ́kẹ́ẹ̀tì APKWS (àwòṣe)

Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí Nàìjíríà ra hẹlikópítà ogun AH-1Z méjìlá, pẹ̀lú 2,000 irú ẹ̀rọ yìí. Àárín orí àti ẹ̀yìn rọ́kẹ́ẹ̀tì 70 mm lásán ni wọ́n ń dè é sí. Bí wọ́n bá ti yìn ín, ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rin á là, ojú tó wà lára wọn á sì máa tọ ìmọ́lẹ̀ lésà tí ẹnì kan ń tàn sára ohun tí wọ́n fẹ́ bà. Owó rẹ̀ kéré sí ti mísáìlì Hellfire. Àmọ́ ẹ̀rọ yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀tá àti ará ilé. Kí irú ìtọ́sọ́nà bẹ́ẹ̀ tó wà, ní Ìlọrin níbí, ní oṣù kejì ọdún 1897, ọta àgbá iléeṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì Royal Niger Company kàn bọ́ sáàárín ìlú ni, ilé sì jó.