Ẹ Wò Ó Kí Ẹ Tó Fọ́máàtì Flash

Ẹ̀yin ará iléèwé mi, díẹ̀ ló kù kí n pa gbogbo iṣẹ́ ẹgbẹ́ oníròyìn wa rẹ́. Flash, tí Linux ń pè ní sdb, ni mo fẹ́ fọ́máàtì, àmọ́ sda ni mo kọ. Dísìkì inú kọ̀ǹpútà nìyẹn! Ọ̀rẹ́ mi ló dì mí lọ́wọ́ mú.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ:

cat /proc/partitions

Orúkọ dísìkì kọ̀ọ̀kan á jáde pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Ẹyọ kan níbẹ̀ jẹ́ báìtì 1024. Ẹ wá tẹ:

cat /sys/block/sdb/removable

Flash sábà máa ń fi 1 hàn, dísìkì inú á fi 0 hàn.

Fáìlì wọ̀nyí ò sí lórí dísìkì kankan o. Ìgbà tẹ́ ẹ bá béèrè ni Linux ń kọ ìdáhùn, bí ìyá onígàrí ọjà Òṣú tó ń yẹ àpò wò kó tó sọ iye kóńgò tó kù.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.