OHUN ÌRÁNTÍ ÀWỌN TÍ Ó TI LỌ

Bí ikú bá wọ ilé kan, tí a sin òkú tán, tí àwọn àlejò sì ti padà sí ilé wọn, ọ̀ràn kan a máa kù nílẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọkàn àwọn ọmọ òkú balẹ̀: kí ni a ó fi máa rántí ẹni wa tí ó lọ? Ọ̀ràn yìí ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí a rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ná owó púpọ̀ lé e lórí, síbẹ̀ ohun tí ó yẹ kí wọ́n dì mú gan-an ń bọ́ sọnù lójú wọn.

Ọ̀nà méjì ni a lè rí nínú ìṣe àwọn bàbá wa. Èkíní ni ti ẹ̀yẹ. Ní ìlú Ọ̀wọ̀, bí ẹni ńlá kan bá kú, wọn a máa gbẹ́ ère tí ó jọ ọ́ gidigidi, èyí tí wọ́n ń pè ní àkó. Wọn a fi aṣọ olówó iyebíye wọ̀ ọ́, wọn a gbé e yí ìlú ká kí tọmọdé tàgbà lè rí i, ní ìgbẹ̀yìn wọn a sì sin ín. Ẹ̀yẹ ni iṣẹ́ àkó. Bí ẹ̀yẹ bá ti parí, iṣẹ́ rẹ̀ parí.

Èkejì ni ti ìpamọ́, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì ni ère ìbejì. Bí Táíwò tàbí Kẹ́hìndé bá kú, a ó gbẹ́ ère rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyá a máa wẹ ère náà, a máa fi osùn pa á lára, a máa fi elú kun irun orí rẹ̀, a máa so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn, a sì máa fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, títí ojú àti imú ère yóò fi dán, tí yóò sì fẹ́rẹ̀ parẹ́ nítorí ọwọ́ ìyá. Nígbà tí fọ́tò dé, àwọn ìdílé kan fi í rọ́pò igi. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, láàárín 1970 sí 1980, àwọn ayàwòrán a máa ya èyí tí ó kù láàyè nínú ìbejì, wọn a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ó lè dàbí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó dé bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ère ìbejì. Wọ́n wà lónìí nínú mùsíọ̀mù ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, a tò wọ́n sínú àpótí dígí. A lè mọ ìlú tí a ti gbẹ́ òmíràn; ṣùgbọ́n ọmọ wo ni a torí rẹ̀ gbẹ́ ẹ? Ìyá wo ni ó fi ọwọ́ ra á títí imú rẹ̀ fi parẹ́? Lára ọ̀pọ̀ wọn, a kò rí ẹni tí yóò dáhùn. Àwọn àgbà wí pé ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù. Ọmọ náà ti kú tẹ́lẹ̀; nígbà tí orúkọ rẹ̀ bọ́ kúrò lára ère, nígbà náà ni ó wá nù.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ohun tí a rí nínú ilé kan fi dùn wá. Ìyá ilé náà ti fi aṣọ títà tọ́ ọmọ mẹ́fà. Nígbà tí ó kú, àwọn ọmọ yá owó, wọ́n sì tẹ àwòrán rẹ̀ sí ara abọ́ ike rẹpẹtẹ fún àwọn àlejò. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí a bá ọ̀kan nínú abọ́ náà ní ẹ̀yìnkùlé, tí adìẹ ń mu omi lórí ojú ìyá olóyè náà. Ọ̀pá tí ìyá fi ń wọn aṣọ fún oníbàárà ńkọ́? Abẹ́ àtẹ̀gùn ni ó wà, láàárín igi ìdáná. Àbíkẹ́yìn ni ó fà á yọ, tí ó sì wí fún àkọ́bí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀pá yìí dáná. Òun ni Ìyá fi wọn owó ilé-ìwé gbogbo wa.” Ọ̀rọ̀ yìí mú kí gbogbo ilé dákẹ́.

Àwa kò wí pé kí a má fún àlejò ní ohun tí yóò mú lọ sílé; ọ̀yàyà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yẹ ni ìyẹn, kì í ṣe ìpamọ́. Ẹni tí ó bá ń wá ti ìpamọ́, kí ó gba ìmọ̀ràn wọ̀nyí.

Èkíní, ẹ mú ohun tí ọwọ́ òkú náà ti kàn lójoojúmọ́: awò ojú rẹ̀, ọ̀pá ìtìlẹ̀, ìwé àdúrà tàbí tẹ̀sùbáà, ìwé ìṣirò ọjà, òṣùwọ̀n gàrí. Kò sí owó tí ó lè ra irú rẹ̀.

Èkejì, ẹ kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ṣe fọ́tò ni, ẹ kọ orúkọ, ọdún àti ìlú sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsùlù rírọ̀, ẹ má ṣe fi tàdáwà kọ ọ́, nítorí a máa là dé ojú àwòrán. Ẹ má fi í kọ́ sí ibi tí oòrùn ń tàn sí, kí ojú rẹ̀ má bàa ṣì.

Ẹ̀kẹta, ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, kí gbogbo ẹbí sì mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ṣe aṣọ ni, tí ó sì pọ̀, ẹ pín in pẹ̀lú ìfẹ́, kí ìjà má bàa di ohun ìrántí òkú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Gbèsè a máa mú kí a rántí òkú pẹ̀lú ìkanra.

Èyí tí ó tóbi jù ni pé kí a má dúró de ọjọ́ ikú. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà yín nísinsìnyí tí wọ́n ṣì wà láàyè, kí ẹ bi wọ́n léèrè ìtàn ohun tí ń bẹ nínú àpótí wọn. Ọ̀pá tí a kò mọ ìtàn rẹ̀, igi ìdáná ni.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a pẹ́ láyé, kí ó sì fún wa ní ọmọ tí yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó fà yọ láàárín igi ìdáná. Àṣẹ.