Bí táńkà epo bá ṣubú, ibo ló yẹ kí èèyàn sá dé?

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, táńkà tó gbé bẹntiróòlù dojú dé ní ìlú Majiya, ìpínlẹ̀ Jigawa. Àwọn ará àdúgbò sáré jáde láti gbọ́n epo tó ń ṣàn. Lójijì ni iná sọ. Èèyàn tó lé ní 150 ló bá a lọ. Ní ọjọ́ 18, oṣù kìíní, ọdún 2025, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Dikko, ìpínlẹ̀ Niger, èèyàn tó lé ní 80 ló sì kú.

Ohun tó dunni jù níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó kú kò sí nínú ọkọ̀ kankan. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn lọ bá iná.

Báwo wá ni ó ṣe yẹ kí èèyàn jìnnà tó? Ìwé kan wà tí àwọn panápaná àti ọlọ́pàá ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò fi ń mọ èyí. Emergency Response Guidebook ni wọ́n ń pè é, ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n sì ń tún un tẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n kọ sára táńkà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò láti òkèèrè. 1203 ni ti bẹntiróòlù. Wọ́n á wá nọ́ńbà yìí nínú ojú ìwé aláwọ̀ ìyeyè, èyí á darí wọn sí ìlànà 128 nínú ojú ìwé aláwọ̀ ọsàn.

Ohun tí ìlànà náà wí nìyí: bí epo bá ṣáà ti ń jò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sún mọ́ ọn tó mítà 50 níhà gbogbo, ìyẹn ìdajì pápá bọ́ọ̀lù. Bó bá jẹ́ pé èyí tó dànù pọ̀, kí àwọn tó wà níhà ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ kúrò títí dé mítà 300. Bí iná bá ti mú táńkà náà, mítà 800 ni, níhà gbogbo. Ìyẹn tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́jọ. Ti táńkà gáàsì ìdáná tó ń jóná tún jù bẹ́ẹ̀ lọ: mítà 1,600 ni.

Kí ló fà á tó fi jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Oruku epo kò ṣeé fojú rí, ó sì wúwo ju atẹ́gùn lọ. Ilẹ̀ ló máa ń fà lé, á wọ inú gọ́tà àti kòtò, á sì rìn lọ bá ẹni tó ń dáná lókèèrè. Bó bá sì pàdé iná níbẹ̀, iná náà á tọ ipa rẹ̀ padà sídìí táńkà.

Nítorí náà, bí táńkà bá ṣubú ládùúgbò yín, ẹ má dúró wòran. Ẹ kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, kí ẹ gba ibi gíga lọ. Ẹ pa iná ìdáná, ẹ má ṣáná sí sìgá, ẹ má sì tan ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà nítòsí. Ìgbà tí ẹ bá ti jìnnà dáadáa ni kí ẹ tó pe 112, tàbí 122 tó jẹ́ ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Òótọ́ ni pé epo wọ́n, ìyà sì ń jẹ ará ìlú. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì epo kan kò tó ra ẹ̀mí. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.