Àlẹ̀mọ́kọ̀ Afaradooru: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Iṣẹ́ Ọ̀ṣọ́ Ara Ọkọ̀

1. Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá dúró ní Ìdí-Arẹrẹ ní ìlú Ìbàdàn, tí ó ń wo àwọn ọkọ̀ tí ń ti Mọ́lété bọ̀ lọ sí Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, yóò rí oríṣiríṣi ọ̀ṣọ́ lára ọkọ̀ èrò. Òmíràn ní àwòrán ẹyẹ idì. Òmíràn ní ìlà pupa gbọọrọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Òmíràn sì ní òwe tàbí ọ̀rọ̀ ìwúre. Láyé bọ́lẹ̀kájà, ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀. Lónìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a tẹ̀ sórí ike fẹ́lẹ́, tí a gé, tí a sì lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Sítíkà ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é.

A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí sítíkà. Ìṣòro dé nígbà tí a bá fẹ́ ṣàlàyé ìlànà tí ó wà lára páálí ohun náà fún ọmọ-iṣẹ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ìlànà náà sọ pé ohun náà lè kojú ooru. Irú ooru wo ni? Títí dé ìwọ̀n wo? Bí a bá túmọ̀ gbólóhùn yìí láìtọ́, ọkọ̀ oníbàárà lè bàjẹ́, ọmọ-iṣẹ́ sì lè fa èéfín olóró símú.

Iṣẹ́ Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ti yanjú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí oníṣẹ́ ń lò lójoojúmọ́ ni ó yẹ kí a fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí rẹ̀, nítorí pé àwọn ni wọ́n mọ ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ìṣesí ohun tí wọ́n ń fọwọ́ kàn.

2. Orúkọ ohun náà

Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ ohun tuntun lórúkọ, ìṣesí rẹ̀ ni ó sábà máa ń wò. Ọkọ̀ tí ń yọ́ rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ di ayọ́kẹ́lẹ́. Èyí tí ń dún pùpùpù di alùpùpù. Ọkọ̀ tí ìjà kì í wọ́n nídìí rẹ̀ sì gba odindi gbólóhùn, 'bọ́ sílẹ̀ kí á jà', ni ó bá di bọ́lẹ̀kájà.

Gẹ̀ẹ́sì yá orúkọ tirẹ̀ láti inú èdè Faransé. Décalcomanie ni ọ̀rọ̀ náà ní kíkún, ìtumọ̀ rẹ̀ sì dá lórí kí a ṣí àwòrán kúrò lára bébà, kí a gbé e lé ara nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà ni a gé e kúrú sí decal. Bí a bá kàn fi ohùn Yorùbá pe decal, ọ̀rọ̀ tí a ti gé ìrù rẹ̀ ni a ó jogún, kò sì ní sọ nǹkan kan fún ọmọ-iṣẹ́.

Ẹnìkan lè dábàá àfòmọ́. Ewéko tí ń hù lára igi mìíràn ni àfòmọ́, àwa onímọ̀ èdè sì ti yá orúkọ rẹ̀ lò fún mọ́fíìmù tí a ń so mọ́ ọ̀rọ̀. Ìdí méjì ni a kò fi gbà á níbí. Èkíní, ó ti ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ìmọ̀ èdè. Èkejì, àfòmọ́ a máa mu nínú omi igi tí ó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ara ọkọ̀ kì í jẹ ọ̀dà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù ni àlẹ̀mógiri, orúkọ bébà ìkéde tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Bí a bá fi ọkọ̀ rọ́pò ògiri, a ó ní à- + lẹ̀ + mọ́ + ọkọ̀. Ìpajẹ fáwẹ̀lì yóò sọ ọ́ di àlẹ̀mọ́kọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan yóò mọ ohun tí ó jẹ́, yóò sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ohun tí a fi ọ̀dà kùn.

3. Ike àti àtè

Ohun mẹ́ta ni ó para pọ̀ di àlẹ̀mọ́kọ̀: ike fẹ́lẹ́ tí àwòrán wà lára rẹ̀, ohun tí ó mú un lẹ̀, àti bébà ẹ̀yìn tí a ń ṣí dànù.

Ike náà, tí ó sábà máa ń jẹ́ irú tí a mọ̀ sí PVC, pín sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ń fi irin roboto gbígbóná tẹ ọ̀kan, wọ́n sì ń fà á títí yóò fi fẹ́lẹ́. Wọ́n ń da èkejì bí omi sórí ohun tí ó tẹ́jú, kí ó tó gbẹ. A dábàá ike àfàtẹ́ fún ti àkọ́kọ́ àti ike àdàgbẹ fún ti èkejì. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ohun tí a fi ipá fà, bí ooru bá ti rọ̀ ọ́, yóò fẹ́ padà sí bí ó ti wà. Ìdí nìyí tí àfàtẹ́ fi máa ń súnkì ju àdàgbẹ lọ nínú oòrùn.

Ní ti ohun tí ó mú un lẹ̀, gọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ní láti gbẹ kí ó tó di nǹkan mú. Ohun tí ó wà lẹ́yìn àlẹ̀mọ́kọ̀ kì í gbẹ: bí a bá ti fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó mú. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Àtè ni, ohun tí a ń fi sórí igi láti mú ẹyẹ. Bí àtè bá gbẹ, ẹyẹ á fò lọ. A fara mọ́ ọn pé kí gọ́ọ̀mù máa jẹ́ orúkọ èyí tí ń gbẹ, kí àtè sì jẹ́ orúkọ èyí tí kì í gbẹ.

4. Ta ni ń fara da ooru?

Mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ tí ó lè wá sí ọkàn atúmọ̀. Èkíní ni aláìgbóná. Èyí kò tọ̀nà rárá, nítorí pé àlẹ̀mọ́kọ̀ a máa gbóná bí irin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ bá gbóná. Èkejì ni aláìjóná. Èyí gan-an ni ó léwu, torí ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé iná kò lè ràn án, yóò sì lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí kò yẹ. Ẹ̀kẹta ni afaradooru: a- + fara da + ooru. Ẹni tí ó fara da ìyà kò sọ pé ìyà kò dé bá òun, agbára rẹ̀ sì ní òpin. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ohun tí à ń wí yìí. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ lo afaradooru láìsọ ààlà ìfaradà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ààlà náà. Irin ara ọkọ̀ dúdú tí ó wà nínú oòrùn ọ̀sán lè gbóná kọjá 70°C. Omi tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára a máa gbóná tó nǹkan bí 90°C, bọ́nẹ́ẹ̀tì sì ń pín nínú ooru náà. Sàlẹ́ńsà, ọ̀nà tí èéfín ọkọ̀ ń gbà jáde, a máa gbóná kọjá 200°C. Ní nǹkan bí 80°C ni ike PVC líle ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bí ooru bá sì pọ̀ ju èyí lọ fíìfíì, ike náà yóò máa tú ká, yóò sì máa yọ èéfín ásíìdì tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dára fún un. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ ìṣọ́ra. Sàlẹ́ńsà kì í ṣe ibi tí a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ rárá.

Ooru ilé-iṣẹ́ tún yàtọ̀. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe alùpùpù, wọ́n lè lẹ àwòrán mọ́ táńkì, kí wọ́n wá da ọ̀dà aláìláwọ̀ bò ó, kí wọ́n sì gbé e wọ inú ààrò. Bí àwòrán bẹ́ẹ̀ kò bá lè fara da ooru ààrò, yóò ti bàjẹ́ kí táńkì tó dé ọjà. Ọ̀rọ̀ kan náà, afaradooru, ni a ó lò fún ti ààrò àti ti oòrùn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé e kò lè jẹ́ ọ̀kan náà.

5. Ọ̀dà tí ó gbẹ àti ọ̀dà tí ó jinná

Èdè oníṣẹ́ ti ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tó fún àbùkù àlẹ̀mọ́kọ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ń parẹ́, ó ṣá. Bí ó bá kéré sí i, ó súnkì. Bí etí rẹ̀ bá gbé sókè, ó ká. Bí afẹ́fẹ́ bá wú u, ó lé ròrò. Bí àtè rẹ̀ bá jọ̀wọ́ ọkọ̀, ó ṣí. Láti inú wọn ni a ti lè ṣẹ̀dá ìṣá, ìsúnkì, ìká, ìléròrò àti ìṣí láìsí wàhálà.

Nínú gbogbo wọn, ìléròrò ni ó fẹ́ àlàyé. Kì í ṣe àlẹ̀mọ́kọ̀ ni ó sábà máa ń jẹ̀bi rẹ̀. Ọ̀dà tí a fọ́n sára ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí a kò gbé wọ ààrò, a máa gbẹ lójú láàárín wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n tínà tí ó wà nínú rẹ̀ lè máa jáde fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí a bá lẹ ike bo irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, èéfín tínà kò ní ríbi gbà, oòrùn yóò sì mú un wú.

Egbò lè gbẹ lójú kí ó má tíì jinná. Ìyàwó ilé náà mọ̀ pé ẹ̀bá ìkòkò lè máa hó kí ẹran inú rẹ̀ má tíì jinná. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni a dábàá fún ọ̀dà: gbígbẹ fún ojú rẹ̀, ìjinná fún inú rẹ̀. Nígbà náà, ìlànà tí a ó kọ fún ọmọ-iṣẹ́ kò ní gùn: 'Má ṣe lẹ àlẹ̀mọ́kọ̀ mọ́ ọ̀dà tí kò tíì jinná.'

6. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìwọ̀nyí:

Àlẹ̀mọ́kọ̀: àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ orí ike fẹ́lẹ́ tí a ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀.
Afaradooru: ohun tí ooru kò tètè bàjẹ́, títí dé ìwọ̀n tí a sọ.
Ààlà ìfaradà: ìwọ̀n ìgbóná tí ohun kan kò gbọdọ̀ kọjá.
Àtè: ohun alẹ̀mọ́ tí kì í gbẹ, tí títẹ̀ nìkan tó fún un láti mú.
Ike àfàtẹ́: ike tí a tẹ̀, tí a sì fà títí ó fi fẹ́lẹ́.
Ike àdàgbẹ: ike tí a dà bí omi kí ó tó gbẹ.
Ìjinná ọ̀dà: gbígbẹ ọ̀dà dénú, tí tínà ti jáde tán.

A kò sọ pé kí a pa sítíkà tì. Kí awakọ̀ máa pè é bẹ́ẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìkọ́ṣẹ́ àti nínú ìlànà tí a ń kọ sára páálí, ọ̀rọ̀ tí ó sọ ìwọ̀n àti ìṣesí ni ó lè dáàbò bo owó oníbàárà àti ẹ̀dọ̀fóró ọmọ-iṣẹ́. A ń retí àtúnṣe láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ èdè, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kun ọkọ̀, nítorí pé ẹnu wọn ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yóò ti yè tàbí kú.